Àga Bọ́ọ̀sì Ti Gba Ilé Lọ́wọ́ Mi

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ bu omi fún mi, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí, àga ló há mi lọ́fun. Àga, mo ní àga. Àga bọ́ọ̀sì. Ẹ máa lọ aṣọ yín, ẹ má torí mi dáṣẹ́ dúró, mi ò wá jókòó, mo ti jókòó títí ìdí ń ta mí, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe nínú ilé àbúrò yín mọ́ ju kó jókòó lọ. Ẹ wọlé, àga. Ẹ yà sọ́tùn-ún, àga. Ẹ fẹ́ bá ọmọ wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí àga lẹ máa gbà kọjá bí ẹni ń gun òkè. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú fèrèsé, méjì-méjì ni wọ́n tò, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, wọ́n ń wo ògiri bí èrò tó ń retí kí dẹ́rẹ́bà jẹun tán kó wá wa ọkọ̀.

Ọmọ gan-an ti gbà pé inú ọkọ̀ la wà. Màmá Àgbà yín, tí a torí bó ṣe ń kọ́wọ́ sẹ́yìn rìn sọ ní Màmá Àgbà, ó gun àga lọ láàárọ̀ yìí, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ sún wọlé." Ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ délẹ̀. Ó ti fi bẹ́líìtì di bèbí rẹ̀ mọ́ àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo ní kó wá wẹ̀, ó ní a ò tíì débẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, orúnkún tó ń dùn yín kò jẹ́ kí ẹ tíì wá fojú ara yín rí i. Ọ̀dọ̀ ìyàwó dẹ́rẹ́bà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni mo fi ọmọ sí kí n tó sáré wá síbí, ó sì ń sunkún tẹ̀lé mi, mo rò pé èmi ló ń sunkún fún, àṣé àga ló ń wò lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà ní mo wá ba àbúrò yín jẹ́ lójú yín. Mi ò kọ ọkọ̀ náà. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àga tó ń ṣe, ìlú dé ìlú ló ń bá a lọ, hòtẹ́ẹ̀lì níhìn-ín, ilé ìwé lọ́hùn-ún, á tú awọ àga, á pààrọ̀ fóòmù, á rán an, á tún kàn án padà. Nígbà tó bá fi máa wálé, ọmọ ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó na ọwọ́ sí ọmọ tí ọmọ figbe ta, tó sá sẹ́yìn aṣọ yín, tó ń yọjú wo bàbá tó bí i bí ẹni ń wo agbówó-orí. Ẹ rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà rí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ló jókòó tó ní ká ra bọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ rí, irú èyí tó ń kó èrò lọ sọ́nà jíjìn, ká tú inú rẹ̀, ká fi ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ìdáná láàárín, ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú. Ibi tí iṣẹ́ bá wà, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa wà, ọmọ ò sì ní sá fún un mọ́.

Àǹtí, inú mi dùn. Kí ni kò ní jẹ́ kó dùn? Mo mú téèpù tí wọ́n kọ́ wa láti lò ní kíláàsì àwọn àgbà, mo wọn ilẹ̀ pálọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa bọ́ọ̀sì sílẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tó. Mo ní ibí ni ìkòkò máa wà, ibí ni Màmá Àgbà máa sùn, ibí ni màá ti máa wo òjò. À ń rìn nínú ìlà ṣọ́ọ̀kì náà bí ọmọdé, bí ẹnì kan bá tẹ ìlà, èkejì á ní, "Wò ó, o ti já bọ́ sí títì." A sọ fún onílé pé a ń lọ. Onílé ò fi falẹ̀, ó ti fi yàrá náà fún nọ́ọ̀sì kan, nọ́ọ̀sì ti wá wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì. Ìparí oṣù yìí la ń jáde. Ẹ gbọ́ mi? Ìparí oṣù yìí, èmi àti ọmọ àbúrò yín ń kó lọ sínú ilé tí kò nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ni mo pè é. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ẹ ó jó kọ́là aláṣọ. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Kó tó lọ wo ọkọ̀, mo bá a sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà ẹ̀gbẹ́ wa yìí, tó ti wa irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, òun ló là mí lóye. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ṣe ilé, kó má wo ojú rẹ̀, kó wo abẹ́ rẹ̀. Kó tẹ́ páálí sílẹ̀, kó rá wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kó fi irin kan ilẹ̀ rẹ̀, kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Kó ká kápẹ́ẹ̀tì. Kó ní kí ẹnì kan máa da omi sí fèrèsé láti ìta, kí òun wà nínú, kó wò ó bóyá omi ń wọlé. Mo bi í pé àga ńkọ́? Ó ní, "Àga kẹ̀? Àga lẹ máa kọ́kọ́ yọ dànù." Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún àbúrò yín, mo sọ ọ́ lówùúrọ̀, mo tún un sọ nígbà tó ń wọ bàtà. Mo ní kó mú mi dání. Ó ní ọmọ ń wúkọ́, kí n dúró tì í. Ó mú mẹkáníìkì dání, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, bí ènìyàn bá tiẹ̀ ń sunkún a máa ríran. Mẹkáníìkì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní ẹ́ńjìnnì ò láìsàn kankan, òótọ́ sì ni. Àmọ́ kí mẹkáníìkì tó sọ pé ó yá ká wo abẹ́ ọkọ̀, àbúrò yín ti wọnú ọkọ̀ lọ.

Kí ló lọ ṣe níbẹ̀? Ó jókòó.

Àǹtí, ó jókòó. Mẹkáníìkì ló ròyìn fún mi, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó wá túfọ̀. Ó ní ó jókòó sórí àga àkọ́kọ́, ó dìde, ó bọ́ sórí èkejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí ọkọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù, ó ń fimú gbóòórùn awọ, ó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga bí ẹni ń wá ẹyin adìẹ. Alágbàtà tó ń ta ọkọ̀ náà, ọkùnrin kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wò ó, ó sì ti mọ irú ẹni tó bọ́ sí òun lọ́wọ́. Kò bá a sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. "Ọ̀gá, ẹ wo èyí, awọ gidi ni. Ọ̀gá, ẹ tẹ tibí wò, ẹ wo bó ṣe ń ta yín lọ́wọ́ padà." Mẹkáníìkì ní òun pè é pé kó jẹ́ ká wo abẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Òun tún pè é, ó ní òun ń bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí àbúrò yín àti alágbàtà fi bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, ilẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ó ní ìránṣọ rẹ̀ ò tú níbì kankan. Mo ní, òrùlé ńkọ́, ṣé kì í jò? Ó ní fóòmù rẹ̀ ṣì le bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo ní, Bàbá Màmá Àgbà, mo ń bi yín ní abẹ́ ọkọ̀. Ó ní irin ẹsẹ̀ àga náà nípọn, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ wá rí i? Ká ní káfíńtà ni mo fẹ́, á wo pákó. Ká ní bíríkìlà ni, á wo ògiri. Oníṣẹ́ àga ni mo fẹ́, mo rán an lọ ra ilé, ó lọ ra ìjókòó. Nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, láti táyà dé òrùlé, ohun kan ṣoṣo tí a máa jù nù, òun ló yẹ̀ wò fínnífínní, ó yẹ̀ ẹ́ wò ju bí dókítà ṣe ń yẹ aláboyún wò lọ.

Wọ́n wa ọkọ̀ wá sí àgbàlá wẹ́dà, ajórin àdúgbò wa, torí pé ibẹ̀ ló fẹ̀ tó láti gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n ń yọ àga, èmi ni mo gbé abọ́ dání tí mò ń gba nọ́ọ̀tì àti bóòtù tí wọ́n ń tú. Àbúrò yín ń tú àga bí ẹni ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ lẹ́yìn. Tiwájú lọ dáadáa. Tàárín lọ dáadáa, àfi pé kápẹ́ẹ̀tì rin, ó sì ń rùn bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ló dé tí ibí rin? Ó ní bóyá èrò kan ló da omi nù. Èrò wo, Àǹtí? Ọkọ̀ tí kò gbé èrò láti ọjọ́ gbọọrọ. A dé ìdí ọkọ̀. Òun àti wẹ́dà di àga tó kẹ́yìn mú, wọ́n ní ó yá, wọ́n gbé e.

Ilẹ̀ bá a lọ.

Bí mo ṣe ń sọ fún yín yìí. Ẹsẹ̀ àga gbé ilẹ̀ ọkọ̀ dání bí ìgbà tí ènìyàn bá fa báńdéèjì tí èèpá egbò sì tẹ̀lé e. Mo wo ibi tí àga ti kúrò, mo rí koríko. Mo rí adìẹ wẹ́dà, ó dúró lábẹ́ ọkọ̀, ó gbé ojú sókè, ó ń wò mí. Èmi àti adìẹ wo ara wa títí. Ibẹ̀ ni mo fa bẹ́ẹ̀dì mi sí nígbà tí mò ń fa ṣọ́ọ̀kì, ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wẹ́dà mú òòlù, ó ń kan ilẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ibì kan á dún, ibì kan ò ní fọhùn, ibì kan òòlù á wọlé lọ. Ó ní omi ni. Rọ́bà ojú fèrèsé ti là tipẹ́, omi òjò ń gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò rí ibi jáde, ó jókòó síbẹ̀ ó ń jẹ irin. Ó ní bóòtù àga nìkan ló kù tó di ilẹ̀ náà mú. Ojú mi ṣú. Wẹ́dà rí i, ó ní kí n má sunkún, òun á gé gbogbo ibi tó ti dípẹtà, òun á gbé irin tuntun dábùú, òun á jó páànù tó nípọn mọ́ ọn, ọmọ lè máa fò lórí rẹ̀ títí á fi relé ọkọ. Mo ní kí la máa wá fi san án, nígbà tí ọkọ̀ ti gbọn àpò wa gbẹ? Ẹ gbọ́ àánú Olúwa, Àǹtí. Ó ní ká má mú nǹkan kan wá. Àna òun ń ṣí gbọ̀ngàn kan tí wọ́n á ti máa wo bọ́ọ̀lù, àga ló ń wá kiri. Ká kó àga bọ́ọ̀sì fún un, òun á ṣe ilẹ̀ ọkọ̀. Àga tí a ò nílò, ilẹ̀ tí a ò ní. Kí lẹ tún fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe, kó sọ̀kalẹ̀ wá di sípánà mú fún wa?

Àbúrò yín ní rárá.

Ẹ wò mí lójú. Rárá ló sọ. Kò ní òun máa rò ó wò. Ó fara ti àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àga yìí kì í ṣe àga tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù á máa da ọtí sí, tí wọ́n á máa gun lórí pẹ̀lú bàtà. Ó lọ háyà ọmọlanke, ó kó gbogbo ẹ̀ wálé, ọmọlanke ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé ṣé a fẹ́ ṣí sinimá ni.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ti dúró. Hòtẹ́ẹ̀lì ń ránṣẹ́ pé àwọn àlejò àwọn ń jókòó sórí fóòmù ìhòòhò, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ ti mọ ìtumọ̀ òun ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ó jókòó sáàárín àga, ó ń fi ọṣẹ nù wọ́n, ó ń fi òróró pa wọ́n, ibi tí òwú bá ti fẹ́ ṣí díẹ̀, á mú abẹ́rẹ́, á rán an padà. Èmi ò rí òróró pa fún ẹsẹ̀ mi tó ń sán. Mo bi í pé níbo la máa tò wọ́n sí nínú ọkọ̀, àbí èrò la fẹ́ máa gbé? Ó ní a ó rí ibi tí a máa lò wọ́n sí.

Ihò yẹn ńkọ́ o, ìyẹn ni mo wá bi í. Ó ní òun á fi pákó bò ó ná, ká máa sùn níwájú. Àǹtí, ìdí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà nínú irú bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà gan-an. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ò ní mọ̀ pé pákó ni wọ́n fi dí òun lọ́nà, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ wọlé wá bá ọmọ tó ń sùn, ọmọ tó ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì mọ ọmọ yẹn, ohun tí ẹ bá bò ló máa ń ṣí. Ìkòkò ni o, àpótí ni o, egbò ẹlòmíràn ni o. Bí mo bá dijú báyìí, ohun tí mò ń rí ni Màmá Àgbà tó gbé pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó kọ́wọ́ sẹ́yìn, tó tẹ̀ba wo títì bó ṣe ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀. Mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ wo ọrùn mi, ẹ wo eegun.

Ẹ ní kí n fara balẹ̀? Sórí ilẹ̀ wo?

Ẹ má bínú. Ẹ má bínú, mi ò gbọdọ̀ fohùn bẹ́ẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀, orí mi ló ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́n omi sí aṣọ yẹn.

Lánàá ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́. Mo ní kó yàn, kí àga jáde nílé yìí tàbí kí èmi àti ọmọ jáde. Mo ti múra ìjà, mo ti so gèlè mọ́ ìdí. Mo rò pé á jágbe mọ́ mi, kò jágbe. Ó dojú àga kan délẹ̀, ó ní kí n wá wò. Ó fi ìka tọ́ ibi tí ìránṣọ parí sí lábẹ́ pátápátá, ibi tí ẹnikẹ́ni tó jókòó ò lè rí láéláé. Òwú náà ò kàn parí síbẹ̀ bí òwú ẹlòmíràn. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá yà sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó wà lábẹ́ gbogbo wọn bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀gá mi nìyí."

Ọ̀gá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin lẹ fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá yín. Èmi ò bá a láyé. Ó ní ọjọ́ tí òun fẹ́ gba òmìnira, ọ̀gá pe òun wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi bí wọ́n ṣe ń rán ẹsẹ̀ adìẹ yẹn han òun, ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo kọ́ ní èyí." Ó ní nígbà tí ọ̀gá kú, òun wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, wọ́n ti sin ín kí òun tó gbọ́. Òun ò ní fọ́tò rẹ̀. Òun ò ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti pín gbogbo ẹrù. Ó ní lọ́jọ́ tí òun wọnú bọ́ọ̀sì yẹn tí òun ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga, ó dà bí ẹni pé ọ̀gá na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀ wá bọ òun lọ́wọ́.

Mo tú gèlè nídìí. Mo gbé ọmọ, mo lọ jókòó sórí àga ojú fèrèsé. Obìnrin lè bá orogún du ọkọ. Ó lè bá ìgò ọtí dù ú. Òkú tó mọ̀ ọ́n rán ńkọ́? Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà bá ìyẹn wọ̀jà?

Ìdí tí mo fi wá nìyí, nítorí òní ò dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yìí ni nọ́ọ̀sì wá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fẹ́ wo ibi tí á gbé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ sí. Ó wọlé, ó dúró, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga, ó ní ó tu òun lára, ó wá bi mí pé ṣé àwọn àga náà wà lára ilé tí òun gbà ni. Ojú tì mí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kó tó jáde, wẹ́dà náà ránṣẹ́. Ó ní ẹnì kan ti wọ́ tírélà kan wá fún òun, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, bí òun ò bá rí àga kí òun tó ti àgbàlá lónìí, òun á gbá tírélà mú, bí òun bá sì ti gbá a mú, kó tó kúrò lọ́wọ́ òun, oṣù ti parí, nọ́ọ̀sì ti wọlé, èmi àti ọmọ ti wà lórí ihò. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ó ti mú sùúrù.

Tiyín nìkan ló ń gbọ́, Àǹtí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyàwó ló ń ráhùn. Bí ẹ̀yin bá wúkọ́ lásán, á dìde dúró. Ẹ̀yin lẹ mú un lọ fún ọ̀gá yẹn, ẹ wá lọ gbà á padà lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Kí ló dé tí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀?

Ẹ ní irú ìránṣọ wo? Mo ti wí, ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń sàmì sí ìdọ̀tí yẹn, ẹ jẹ́ kí n yà á sórí tábìlì. Báyìí. Ó lọ, ó padà, ó yà sí mẹ́ta. Ẹ rí i? Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Àǹtí, kí ló ń ṣe yín, èmi ń sunkún ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín?

Gbogbo wọn? Gbogbo wọn ta ni?

Ẹ dúró ná. Ẹ tún un sọ jẹ́jẹ́. Ẹ ní àwọn ọmọṣẹ́ ọ̀gá yẹn, ọ̀dọ̀ yín níbí ni gbogbo wọn ń kó aṣọ wá fọ̀. Èyí tó bá sì ti gba òmìnira nínú wọn, á wá dúró níwájú tábìlì yìí, á wo ẹ̀yìn, á wo iwájú, á wá rọra sọ fún yín pé ọ̀gá fi ìránṣọ kan han òun tí kò fi han ẹlòmíràn? Á sì yà á fún yín? Ẹsẹ̀ adìẹ kan náà? Bàbá yẹn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún olúkúlùkù pé ìwọ nìkan ni. Ẹ̀yin sì gbé e mì láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò sọ fún ẹnì kan.

Ó dáa, ó dáa. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè jẹ́ ọwọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló rán ti bọ́ọ̀sì yìí. Kò lè jẹ́? Kí ló dé? Kò rán àga ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Àga ilé nìkan. Òórùn epo ọkọ̀ máa ń mú un bì, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sóde. Ta ló wá rán wọn? Ẹ ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló lọ ń rán àga fún àwọn oníbọ́ọ̀sì. Ta ni Ọ̀gá Kékeré?

Ha. Ẹni yẹn. Ọmọṣẹ́ bíi ti àbúrò yín tó sọ ara rẹ̀ lọ́gàá lé wọn lórí? Tó ń mú un fọ ṣòkòtò rẹ̀, tó fi ọ̀pá ìwọnṣọ nà án títí tó fi sá wálé wá bá yín, tí ẹ tún fi ẹkún dá a padà? Àpá kan wà léjìká rẹ̀, ó sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ló gbá òun. Ọ̀pá ìwọnṣọ ni? Ẹ ní nígbà tí àbúrò yín ti ń rin ìlú kiri ni onítọ̀hún wọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kò mọ̀, ẹ ò sì rí ìdí tí ẹ ó fi máa dárúkọ ẹni burúkú sí i létí.

Àǹtí, ẹ di tábìlì mú. Àga Ọ̀gá Kékeré ló ń fi òróró pa. Ẹni tó nà án, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń nù, tó ń ṣìkẹ́, tó ń torí ẹ̀ pa hòtẹ́ẹ̀lì tì. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó, ìhà ń dùn mí. Ó ní ọ̀gá bọ òun lọ́wọ́.

Ó bọ òun lọ́wọ́, ló ní.

Ẹ gbọ́, Àǹtí. Ẹ gbọ́ ná. Bí a bá débẹ̀, ẹ má sọ ọ́ tán. Ti pé gbogbo wọn ló kọ́, ẹ má fẹnu kàn án rárá. Ẹ jẹ́ kí òun nìkan ṣì máa jẹ́ òun nìkan. Ẹ sọ pé ọ̀gá ò rán àga ọkọ̀ rí, òótọ́ nìyẹn. Ẹ sọ pé Ọ̀gá Kékeré ló rán wọn, òótọ́ náà nìyẹn. Bó bá bi yín pé níbo ni Ọ̀gá Kékeré ti mọ ẹsẹ̀ adìẹ, ẹ ní ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló gbà yọjú, ẹ ní ó jí i wò lọ́jọ́ tí ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, ta ni ò ní gbà á gbọ́? Irọ́ kan ṣoṣo yìí ni kí ẹ bá mi pa, ọkọ mi ni, ọwọ́ rẹ̀ ló le, inú rẹ̀ ò le bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti sọ ọ́, kí ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un o, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa máa ju àga síta.

Ẹ pa áyọ́ọ̀nù yẹn. Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì lè wá a wá lọ́la, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ilé. Ẹ gbé ọwọ́ lé èjìká mi, mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín, a ó rọra máa lọ. Àmọ́ ká tètè jáde, Àǹtí. Wẹ́dà ò ní pẹ́ ti àgbàlá, ọmọ mi sì gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ tẹ̀.